OMI ỌYÁN Ń ṢÀN, INÁ Ò TÀN: TA NI WỌ́N BI LÉÈRÈ?

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ fi ọjọ́ kan sọ́kàn ná: ọjọ́ 29, oṣù kẹta, ọdún 1983. Ọjọ́ náà ni Ààrẹ Shehu Shagari wá sí ìpínlẹ̀ Ògùn, tó ṣí dáàmù Ọyán. Ibẹ̀ ò jìnnà sí Abẹ́òkúta, bí 20 kìlómítà ni, téèyàn bá kọjú sí apá àríwá àti ìwọ̀-oòrùn ìlú náà. Wọ́n gbé ẹ̀rọ ńlá mẹ́ta síbẹ̀ tí omi á máa yí, kó lè máa fún wa níná mànàmáná. Agbára ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan jẹ́ mẹ́gáwáàtì 3. Ẹ̀rọ mẹ́ta, mẹ́gáwáàtì 9.

Nígbà tó fi máa di ọdún 2007, wọn ò tíì fi ọ̀kan nínú ẹ̀rọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tan iná fún ẹnikẹ́ni. Ọdún mẹ́rìnlélógún rèé o! Ọmọ tí wọ́n bí lọ́sẹ̀ tí Shagari wá ti tó ẹni tó ń gbéyàwó, ó ti lè ra jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo wa mọ̀ yẹn, èyí tí wọ́n ń pè ní “I better pass my neighbour,” kó máa dún gbùù-gbùù lẹ́yìn ilé. Èmi tí mò ń kọ èyí, wọn ò tíì bí mi rárá lọ́dún 1983. Ìròyìn dáàmù Ọyán tí èmi bá láyé ni ti omíyalé. Ti iná, mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnì kan títí mo fi dàgbà.

Mo mọ ohun tí ọ̀pọ̀ nínú yín máa sọ. Ẹ máa ní wọ́n ti kówó jẹ, ọ̀rọ̀ tán. N kò ní bá yín jiyàn lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Ọyán ní ìdí mìíràn tí a kì í sábà tú wò, òun ni mo sì fẹ́ ká jọ tú lónìí: àwọn wo ló jókòó nígbà tí wọ́n ń pinnu lórí odò yẹn, àwọn wo ni wọn ò sì pè?

WỌ́N KÓ ABÚLÉ, WỌ́N KÓ OÓRÙN WÁ BÁ WỌN

Ọdún 1976 ni ìjọba ológun dá àjọ tó ń ṣàkóso odò Ògùn àti Ọ̀ṣun sílẹ̀, èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń pè ní Ogun-Oshun River Basin. Àjọ ìjọba àpapọ̀ ni. Òun ló ni dáàmù Ọyán. Nígbà tí wọ́n sé odò náà, omi tẹ́ lórí ilẹ̀ tó tó 4,000 hẹ́kítà, ìyẹn bí 10,000 éékà ilẹ̀. Omi tó lè gbà jẹ́ mílíọ̀nù 270 kúbíkì mítà. Ògiri dáàmù náà gùn ju kìlómítà kan lọ, ó sì ga tó 30 mítà. Wọ́n ní ó máa fún Abẹ́òkúta àti Èkó lómi mu, ó máa bomi rin oko tó tó 3,000 hẹ́kítà, ó tún máa tan iná.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí omi tẹ́ lé lórí yìí kì í ṣe ilẹ̀ òfìfo. Àwọn èèyàn wà níbẹ̀, wọ́n ń dáko, wọ́n ń pẹja, wọ́n ń sin òkú wọn síbẹ̀. Wọ́n ní kí wọ́n dìde, wọ́n sì dìde. Lára ibi tí wọ́n kó àwọn èèyàn lọ ni abúlé kan tí wọ́n sọ ní Abúlé Titun. Orúkọ yẹn ń sọ ìtàn ara rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa béèrè ìtumọ̀ rẹ̀.

Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn ní bèbè omi tuntun náà. Odò tó ń ṣàn kì í fi bẹ́ẹ̀ gba ìgbín omi láyè, ìṣàn rẹ̀ á máa gbá a lọ. Nígbà tí omi dúró sójú kan, tí koríko hù sí etí rẹ̀, ìgbín kéékèèké rí ilé gbé. Inú ìgbín yìí ni kòkòrò tó ń fa àtọ̀sí ajá ti ń pọ̀ sí i. Ẹni tó ti ní in á tọ̀ sómi, ẹyin kòkòrò á pa, ọmọ rẹ̀ á wọnú ìgbín lọ, tó bá jáde á tún wá ẹlòmíràn tó ń wẹ̀, á gba awọ ara rẹ̀ wọlé láìlu ihò tójú lè rí. Bó ṣe ń lọ nìyẹn, àwọn ọmọ kékeré á máa tọ ẹ̀jẹ̀. Àwọn oníwádìí láti àwọn yunifásítì wa ti lọ yẹ ìtọ̀ àwọn ọmọ ilé ìwé wò ní Abúlé Titun, ní Imala-Odò àti ní àwọn abúlé mìíràn tó yí adágún náà ká, wọ́n sì bá àrùn náà lára púpọ̀ nínú wọn, léraléra, láti ọdún dé ọdún. Oògùn rẹ̀ wà, praziquantel ni wọ́n ń pè é, ó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n ọmọ tó lò ó lónìí, tó bá tún lọ pọnmi níbi kan náà lọ́la, ó lè tún kó o.

Ṣé ẹ rí i báyìí? Ẹni tí wọ́n gba ilẹ̀ rẹ̀, òun náà ló kó àrùn, òun náà ni kò níná. Omi inú ìkòkò náà ti di ti ará Èkó. Èmi ò sọ pé kí ará Èkó má mu omi o! Mo ní nínú gbogbo ohun tí wọ́n ṣèlérí lórí odò yẹn, iná yìí ni ẹ̀tọ́ kan tí ì bá dúró sí abúlé, òun náà gan-an sì ni wọ́n gbàgbé.

Tí ó bá jẹ́ pé lọ́jọ́ tí wọ́n ń pinnu, wọ́n ti kọ ọ́ sínú ìwé pé abúlé báyìí báyìí ló máa kọ́kọ́ lò lára iná tó bá jáde níbẹ̀, ẹ rò pé gbogbo ọdún yẹn lè kọjá kí ẹnikẹ́ni má béèrè? Ẹni tó ní ìwé lọ́wọ́ á máa mú un jáde. Àwọn ọmọ rẹ̀ náà á máa mú un jáde. Ẹni tí wọn ò bi léèrè, kò ní ìwé kankan tó lè mú jáde.

OṢÙ MẸ́SÀN-ÁN PÉRÉ

Kí n má gbàgbé. Shagari ṣí dáàmù yìí lóṣù kẹta ọdún 1983. Nígbà tó di ọjọ́ 31, oṣù kejìlá, ọdún kan náà, àwọn ṣọ́jà ti gbàjọba lọ́wọ́ rẹ̀. Oṣù mẹ́sàn-án péré ni. Iṣẹ́ tó bá jẹ́ ti Àbújá tàbí ti Èkó nìkan (Èkó ni olú ìlú wa nígbà yẹn), ẹni tó bá ti kúrò lórí àga ti gbé e lọ nìyẹn. Ẹni tó bá dé lẹ́yìn rẹ̀ á ní tòun lọ́tọ̀.

Àwọn iṣẹ́ kan ò rí bẹ́ẹ̀ ṣá. Ní Jọ́ọ̀sì, ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ NESCO ti ń fi omi tan iná láti ọdún 1929, nígbà tí àwọn òyìnbó ń wa tánńganran lórí òkè yẹn. Omi tó ń já ní Kurra ni wọ́n ń lò. Ẹni tó nílò iná náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi, ó mọ̀ pé tí ẹ̀rọ bá dúró, iṣẹ́ òun dúró. Ní ìpínlẹ̀ Tàràbà, nítòsí ibi tí wọ́n ti ń ṣe tíì lórí òkè Mambilla, àjọ UNIDO ti Ìṣọ̀kan Àgbáyé bá wọn gbé ẹ̀rọ kékeré kan sí dáàmù Tunga, 400 kílówáàtì. Kò tó ìdá kan nínú ogún ti Ọyán. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣe tíì wà nítòsí, iṣẹ́ wọn ló ń dúró de iná náà. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ nìyẹn.

Ẹ JẸ́ KÁ ṢÍRÒ Ọ́

Ohun tó tún ń dùn mí lọ́rọ̀ Ọyán ni pé omi kì í tán lára iná. Epo tí ẹ bá da sínú jẹnẹrétọ̀, ó jóná lọ nìyẹn. Ẹ ò sì gbàgbé ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023, nígbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí lítà kan fò láti bí ₦190 lọ sí ohun tó lé ní ₦480 láàárín ọjọ́ mélòó kan! Ṣùgbọ́n omi tó bá yí ẹ̀rọ, bó ṣe wọlé náà ló ṣe ń jáde. Ó ṣeé mu lẹ́yìn náà, ó ṣeé fi bomi roko.

Ohun méjì ni ẹ̀rọ iná olómi ń fẹ́: kí omi pọ̀, kí omi sì já láti òkè. Tí ẹnì kan bá da garawa omi lé yín lórí láti ilẹ̀, ẹ máa tutù. Tó bá dà á láti orí ilé alájà mẹ́ta, ẹ máa mọ̀ pé nǹkan bà yín.

Ó dáa, ilé iṣẹ́ omi Adíyàn, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1991 fún ará Èkó, wọ́n kọ́ ọ láti máa ṣe mílíọ̀nù 70 gálọ́ọ̀nù omi lóòjọ́. Akútè, lára odò Ògùn, ló ti ń fa omi rẹ̀. Odò Ọyán sì ń ṣàn wọnú odò Ògùn ni, dáàmù Ọyán ló ń tú omi sílẹ̀ kí Akútè má baà gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Mo mú bébà, mo pín mílíọ̀nù 70 gálọ́ọ̀nù yẹn sí gbogbo ìṣẹ́jú-àáyá tó wà nínú ọjọ́ kan. Ó fún mi ní bíi lítà 3,700 ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Ká sọ pé Ọyán nìkan ni gbogbo rẹ̀ ti wá. Ká sọ pé ó já láti 20 mítà péré, bí ògiri dáàmù tiẹ̀ ga jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ká tún yọ ìdá kan nínú márùn-ún kúrò, nítorí kò sí ẹ̀rọ tí kì í jẹ tiẹ̀ nínú iṣẹ́. Ohun tó kù lé ní 500 kílówáàtì.

Ìyẹn tó láti tan gílóòbù 5,000 ti 100 wáàtì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Tó bá jẹ́ gílóòbù oníwáàtì 10 ti òde òní ni, ó tó 50,000. Ẹ fi fìríìjì ẹlẹ́ja kún un, ẹ fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ gàrí kún un, ẹ fi ẹ̀rọ tó ń fa omi kànga kún un kí àwọn ọmọ yéé lọ sí adágún onígbìn-ín yẹn. Mélòó ni abúlé tó yí Ọyán ká máa lò níbẹ̀? Omi yẹn ṣì máa dé Akútè, ará Èkó á mu ún, kò ní mọ̀ pé ó ti ṣiṣẹ́ kan lọ́nà.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mo ń tàn yín. Iṣẹ́ náà ní wàhálà tiẹ̀. Ẹni tó ń ta iná fẹ́ kí omi kún dáàmù nígbà gbogbo kó lè já láti òkè dáadáa. Ẹni tó ń gbé ìsàlẹ̀ odò fẹ́ kí àyè ṣì wà nínú dáàmù kí òjò oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá tó dé, kí ó lè gba omi dúró. Àwọn méjèèjì ò lè rí ohun tí wọ́n ń fẹ́ lọ́jọ́ kan náà. Lóṣù kẹwàá ọdún 2010, tí òjò pọ̀, tí wọ́n tú omi sílẹ̀ láti Ọyán, àwọn ará Ajégúnlẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà Ìkòròdú rí i: omi wọlé, wọ́n jáde. Tí wọ́n bá wá ń tan iná níbẹ̀, ta ló máa pinnu ọjọ́ tí wọ́n máa tú omi sílẹ̀? Ṣé ẹni tó ń ka owó iná ni, àbí ẹni tí àga rẹ̀ ń léfòó nínú pálọ̀?

Waya náà tún ń bẹ. Ẹ̀rọ lè máa yí láti àárọ̀ dalẹ́, tí kò bá sí òpó àti waya tó gbé iná náà jáde, tí kò sí ẹni tó máa rà á, asán ni. Ìdí nìyí tí mo fi rò pé mẹ́gáwáàtì 9 tí wọ́n kọ́kọ́ gbà lérò ti tóbi jù láti fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kékeré tí abúlé lè lò ní tòsí, kí waya má gùn. Ìyókù lè tẹ̀ lé e.

ÒFIN TI YÀTỌ̀ BÁYÌÍ, ẸNI TÓ BÁ MỌ̀ Ọ́N NI YÓÒ LÒ Ó

Nígbà tí wọ́n ń kọ́ Ọyán, kò sí òfin tó sọ pé kí wọ́n yẹ ohun tí dáàmù máa fà bá àyíká wò kí wọ́n tó wa iyẹ̀pẹ̀. Ọdún 1992 ni òfin yẹn dé, èyí tí wọ́n ń pè ní EIA. Òfin náà ní dáàmù iná tó bá ga ju 15 mítà lọ, tí ilé àti irin iṣẹ́ rẹ̀ sì gba ju 40 hẹ́kítà lọ, tàbí tí omi rẹ̀ tẹ́ ju 400 hẹ́kítà lọ, dandan ni kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò pátápátá. Ó sì ní kí wọ́n jẹ́ kí ará ìlú sọ tẹnu wọn kí wọ́n tó pinnu. Ọyán ga ní 30 mítà, omi rẹ̀ tẹ́ ní 4,000 hẹ́kítà. Ká ní lónìí ni wọ́n fẹ́ kọ́ ọ, wọn ò lè kọjá láìbi àwọn abúlé yẹn léèrè.

Ọgbọ́n kan wà níbẹ̀ tí ẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún o. Ẹni tó bá fẹ́ tún ẹ̀rọ Ọyán ṣe lè wá sọ pé, “Dáàmù kúkú ti wà tẹ́lẹ̀, kí la tún fẹ́ yẹ̀ wò?” Kí ẹ dá a lóhùn pé èyí tó wà tẹ́lẹ̀ gan-an ni wọn ò yẹ̀ wò.

Fún àwọn ẹ̀rọ kékeré, àjọ NERC tó ń ṣètò ọ̀rọ̀ iná gbé ìlànà jáde lọ́dún 2016, wọ́n sì tún un ṣe lọ́dún 2023. Nínú ti 2016 yẹn, ẹni tó fẹ́ tan iná tí kò tó 100 kílówáàtì fún abúlé kan, kó lọ forúkọ sílẹ̀ ti tó. Tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, títí dé mẹ́gáwáàtì kan, kó gba ìwé àṣẹ. Ní ti owó iná, oníṣẹ́ lè jókòó pẹ̀lú abúlé kí wọ́n jọ ṣàdéhùn, ṣùgbọ́n ó kéré tán ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó máa ra iná náà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ẹ tún ìyẹn kà. Ìdá 60! Kì í ṣe baálẹ̀ nìkan, kì í ṣe káńsẹ́lọ̀ nìkan. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ baálẹ̀ ò tíì gbọ́ nípa ìlànà yìí, àwọn tó gbọ́ náà lè má fẹ́ kí ó délé.

Èyí tó tóbi jù dé lọ́dún 2023. Ọjọ́ 17, oṣù kẹta ọdún náà ni Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí àtúnṣe òfin orílẹ̀-èdè tó fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lágbára láti pèsè iná, kí wọ́n sì pín in, kódà níbi tí waya ìjọba àpapọ̀ ti dé. Lóṣù kẹfà, Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí òfin iná tuntun. Láti ìgbà náà, NERC ti gbé àkóso ọjà iná fún àwọn ìpínlẹ̀ tó béèrè, títí kan Èkìtì, Oǹdó, Ọ̀yọ́, Èkó àti Ògùn.

Ẹ wá wo bí ọ̀rọ̀ ṣe rí. Dáàmù náà jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀. Odò tó kọjá nínú ju ìpínlẹ̀ kan lọ, ọwọ́ Àbújá ló wà. Ṣùgbọ́n àṣẹ lórí iná ti dé Abẹ́òkúta. Omi kan, ọ̀gá méjì! Tí ọ̀gá méjì bá ń fa nǹkan mọ́ra wọn lọ́wọ́, ẹnì kẹta tó jókòó sílẹ̀ láìsọ̀rọ̀ ni wọ́n máa tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ pé kí wọ́n gbé irú dáàmù báyìí fún oníṣòwò ti jáde léraléra. N kò rí ohun tó burú nínú oníṣòwò tó bá máa ṣe é. Ìwé àdéhùn ni mo ń bẹ̀rù, ìwé tí wọ́n máa fọwọ́ sí ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Àbújá, tí ará Imala-Odò máa gbọ́ nípa rẹ̀ lórí rédíò.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará wa tó wà ní bèbè Ọyán, ẹ̀yin olóyè, ẹ̀yin ẹgbẹ́ ọ̀dọ́, ẹ̀yin ìyá tó ń ta ẹja, kí ẹ tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín ya fọ́tò nídìí ẹ̀rọ, ẹ kọ́kọ́ bi í ní mẹ́ta. Abúlé wo ló máa kọ́kọ́ níná, ibo ni wọ́n kọ ọ́ sí? Ta ló máa pàṣẹ omi lóṣù kẹsàn-án? Owó wo ló máa ti ibẹ̀ jáde lọ́dọọdún fún omi kànga àti oògùn àtọ̀sí ajá fún àwọn ọmọ ilé ìwé? Tí kò bá rí ìdáhùn, ẹ ní kó padà lọ wá a wá.

Ẹ̀yin tí bàbá yín tàbí ìyá yín wà lára àwọn tí wọ́n kó kúrò lórí ilẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kọ́ dáàmù náà, ẹ kọ̀wé sí wa. Ohun tí wọ́n ṣèlérí fún wọn lọ́jọ́ náà ni ká gbọ́, bí ẹ ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu wọn. A máa fi àyè sílẹ̀ fún un lójú ìwé lẹ́tà.